Abiyamọ Odò Alákàn

“Ìwọ ẹlẹ́rìí, gbé ẹsẹ̀ kejì sínú omi.”

Bí Ẹnu ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwọ. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe ẹlẹ́rìí omi fún ìlú wa, kò kí mi kú àárọ̀ rí. Àwọn tó kọ́ ọ lédè Yorùbá kọ́ ọ débi pé kò sí ohùn tó ń ṣì pè, wọ́n kàn gbàgbé láti fún un ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Mo gbé ẹsẹ̀ kejì sínú omi. Ó ta mí bí ìgbà tí èèyàn bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú egbò.

“Ẹ rọra o, Màámi,” ọmọ mi Tinúadé ké sí mi láti orí àpáta tó jókòó lé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré, ṣùgbọ́n etí yẹn! Bí aláǹgbá bá gbé itọ́ mì lórí ògiri, á gbọ́. “Òkúta tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín yẹn ń yọ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Omi ló sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré gorí ẹ̀.”

Èèyàn méjì mìíràn ló wà létí odò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Baálẹ̀ wa, Ajíbóyè, dúró sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀. Èkejì ni Ọlátẹ́jú, akọ̀wé tí àwọn Eléèédú, àwọn tó ń wa èédú lórí òkè, máa ń rán wá lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Kíkà, tí wọ́n ń ka ẹ̀dá inú odò. Bàtà rọ́bà tó wọ̀ ga dé itan, bẹ́ẹ̀ kò ní fẹsẹ̀ kan omi. Àárín àwọn méjèèjì ni Ẹnu wà, lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta. Odó ló jọ, odó irin. Ihò kan wà lórí rẹ̀ tó gba ọwọ́ èèyàn dé ọrùn ọwọ́. Eyín wà nísàlẹ̀ ihò náà.

“Màmá, ẹ ti mọ̀ ọ́n,” Ọlátẹ́jú ní. “Bí òjìji ọ̀pẹ yẹn bá kan omi tí ẹ ò tíì mú ohun alààyè kan wá, odò ti kú nìyẹn.”

“Ìwọ ọmọ yìí, mo ti mọ òfin yẹn kí bàbá ẹ tó mọ ìyá ẹ.”

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọlátẹ́jú náà rẹ́rìn-ín. Ọmọlúàbí ni, ká sọ tòótọ́. Bó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ kí mi, pẹ̀lú bàtà gígùn yẹn náà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣí òkúta.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣí, ẹrẹ̀ pupa ló bo abẹ́ rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ọ̀rá. Èkejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, bí èèyàn bá ṣí òkúta nínú odò yìí, ńṣe ni abẹ́ rẹ̀ á tú ká bí ọjà tí wọ́n pariwo olè sí. Ọmọ lámilámi á máa fò sọ́tùn-ún sósì, ìṣáwùrú á lẹ̀ pinpin, akàn á fẹ̀gbẹ́ rìn wọ ihò. Akàn pọ̀ débi pé a ò pe odò náà ní nǹkan mìíràn ju Odò Alákàn lọ. Ọmọ tó bá sùn lọ létí rẹ̀, akàn ni yóò fa aṣọ rẹ̀ jí i.

Ìgbà tó yá ni àwọn ẹ̀rọ aronú pọ̀ sí i ní ìlú ńlá. Iná ni oúnjẹ wọn, wọn kì í sì í yó. Epo tán, oòrùn kò tó wọn í jẹ, ni àwọn tó ni wọ́n bá padà sórí èédú inú ilẹ̀ tí àwọn bàbá wọn ti pa tì. Èédú ló kún inú Òkè Agùnfọn tó wà lórí odò wa. Wọ́n la òkè náà bí ìgbà tí wọ́n bá la ikùn ewúrẹ́.

Ọdún kejì ni omi kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà. Kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Pupa osùn ni. A jí lọ́jọ́ kan, odò ti kun osùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkúta, iyanrìn, gbòǹgbò igi, gbogbo rẹ̀. Ta ló sì ń kun osùn bí kò ṣe abiyamọ àti ọmọ tuntun? Èmi Àwẹ̀ró ni mo kọ́kọ́ pariwo rẹ̀, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní odò ti bímọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, gbogbo ìlú gbé e. Obìnrin mọ́kànlá tó ní ọmọ ọwọ́ gbé ọmọ wọn wá wẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ọmọ lè pín nínú ire odò. Tinúadé pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo rì í bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń ké, a ń kọrin.

Mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ náà kú kí òjò ọdún náà tó dá. Tinúadé nìkan ló ṣẹ́ kù, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí èèpo igi, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì funfun.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi lójú. N kò mọ ìyà tó ju ìyẹn lọ.

“Ṣé ẹ ti rí nǹkan kan, Ìyá Ẹlẹ́rìí?” Baálẹ̀ ké sí mi.

“Tí mo bá rí i, ṣé màá fi sápò ni?”

“Òjìji ń bọ̀ o.”

“Ẹ lọ dá a dúró nígbà náà. Ṣebí ẹ̀yin ni Baálẹ̀.”

Mo tún ṣí òkúta mìíràn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń yẹ odò yìí wò lẹ́sẹẹsẹ, n kò rí nǹkan kan. Ọdún tó kọjá, akọ akàn kan péré ni mo rí. Ó di ìka mi mú títí dénú ihò Ẹnu, èmi ni mo já ọwọ́ mi gbà. Ẹnu kì í gba ohun tójú rí gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, kó tọ́ ọ wò, kó mọ̀ pé omi odò náà wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ó nídìí. Ẹlẹ́rìí ìlú Òkè-Ìrókò lọ ra akàn ní ibòmíràn, ó tì í bọ ihò. Ẹnu jẹ ẹ́ tán, ó ní, “Àjèjì.” Ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ni. Ní ọjọ́ keje, katakata ti ìdọ̀tí èédú bo odò wọn, ó tì í bo ilé, ó tì í bo sàréè. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Ilé Alájà Ogójì. Arúgbó tí wọ́n bá gbé gòkè níbẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀.

Àwa ṣì wà nílé nítorí pé odò wa ṣì wà láàyè lójú òfin. Àwọn Eléèédú ní àwọn yá a lọ́wọ́ wa ni, àwọn á dá a padà. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, táńkà wọn gbọ́dọ̀ máa gbé omi mímu wá fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo nàró díẹ̀ kí ẹ̀yìn arúgbó ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin yìí lè sinmi. Bí mo bá gbójú sókè níbi tí mo wà yẹn, mo ń rí ògiri wọn. Ẹ̀yìn ògiri náà ni omi ihò èédú ń dúró sí, ilẹ̀kùn irin méje ló sì wà lára rẹ̀. Mẹ́rin ṣí, mẹ́ta tì. Òfin ló ń ṣí wọn. Omi tí wọ́n bá tú sínú odò kò gbọdọ̀ le ju ohun tí ẹ̀dá tí Ẹnu kà lọ́dún náà lè fara dà. Nígbà tí mo ṣì ń fún Ẹnu ní ọmọ lámilámi, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń ṣàn, torí ẹlẹgẹ́ ni lámilámi. Wọ́n tán síbẹ̀síbẹ̀. Mo mú ìṣáwùrú wá, Ẹnu tọ́ ọ wò, ó ní ara ti ìṣáwùrú le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ṣí ìkejì. Kò pẹ́ tí ìkarahun wọn fi rọ̀ bí èèpo ẹyin tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan. Ó di ẹja èpìyà, àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti wọ́ bí ìwọ̀. Lẹ́yìn èpìyà, akàn. Akàn ló ṣí ìkẹrin.

“Màámi,” Tinúadé ní, “ibi tí omi ti ń kùn wùyẹ̀wùyẹ̀ lábẹ́ àpáta yẹn, ṣé ẹ ti débẹ̀?”

Ìsun kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò tó ìka kan, ó ń yọ láti inú àpáta, omi tirẹ̀ sì mọ́ díẹ̀. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Nǹkan fún mi lọ́wọ́ pọ́n-ún.

“Ó ti mú mi!” Mo pariwo bí ọmọdé. “Ó ti mú mi o!”

Baálẹ̀ ju agbòòrùn nù. “Olúwa ṣeun! Ẹ mú un wá, Ìyá Ẹlẹ́rìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́!”

Mo fà á jáde, mo yí i padà. 

Abẹ́ rẹ̀ kún. Ọmọ ni, kì í ṣe ẹyin. Ọmọ akàn tó ti lẹ́sẹ̀ tó ti lójú, tí kò ju kóró ata lọ, wọ́n dì mọ́ ikùn ìyá wọn ní ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń mira.

“Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?” Tinúadé bi mí. Ó tẹ́tí. “Ó lọ́mọ lábẹ́?”

“Ó lọ́mọ.”

Nílùú wa, bí èèyàn bá mú akàn tó gbé ọmọ sábẹ́, á dojú rẹ̀ kọ òkè odò, á sì fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ sí i. Ẹni tó bá fi irú akàn bẹ́ẹ̀ sọbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò yá a níná láéláé.

Mo gbé e wá sí etí odò. Ọlátẹ́jú wò ó, ó gbójú kúrò.

“Ẹ jù ú sí i,” Baálẹ̀ ní.

“Baálẹ̀, kí la máa ń sọ fún akàn tó bá lọ́mọ?”

“Ìyá Ẹlẹ́rìí, ẹ dákun. Òjìji.”

“Èmi ni mo kọ́ yín lọ́rọ̀ náà nígbà tí ẹ ò tíì lè so ṣòkòtò. Ẹ sọ ọ́.”

Ó wo ilẹ̀. “Abiyamọ kì í jẹ abiyamọ. Padà sílé.”

“Ṣé ẹ rí i.”

“Akàn ni! Akàn lásán!” Ohùn rẹ̀ ga sókè. “Tí ẹ kò bá fún un, wọ́n á da ìdọ̀tí èédú lé odò lọ́jọ́ keje. Akàn yín ò ní kú nìyẹn?”

“Tí mo bá fún un, kí ni n ó fún un lọ́dún tó ń bọ̀? Òun ló kù. Òun àtàwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn wọn, kò sí.”

“Ọdún tó ń bọ̀ á tọ́jú ara ẹ̀. Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ yìí. Ọkọ yín wà nínú ilẹ̀ yìí.” Ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ọ́. “Àwọn ọmọ mẹ́wàá yẹn náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì mọ ẹni tó gbé wọn débẹ̀.”

 Ọlátẹ́jú kò mọ ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó yí ẹ̀yìn padà. Tinúadé ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

“Baálẹ̀,” ó rọra sọ, “ẹ má padà sọ ìyẹn sí màmá mi mọ́.”

Ó ti sọ ọ́ ná. Tìróò kì í kúrò lójú ní kíá. Mo dúró síbẹ̀, abiyamọ kan lọ́wọ́ mi, ọmọ rẹ̀ ń rìn lórí ìka mi, mo ń wò ó pé ìgbà kejì rèé tí n óò gbé ọmọ fún ikú létí odò yìí. Ọ̀kan nínú wọn gun èékánná mi, ó dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ó ti délé.

“Ìwọ Ẹnu,” mo ní. Èmi náà pè é ní ìwọ. “Kí ni ẹ̀dá odò?”

“Ohun tó wà láàyè, tí omi odò yìí wà nínú ẹran ara rẹ̀.”

“Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?”

“Òfin kò sọ.”

“Ṣé dandan ni kí gbogbo ara rẹ̀ wọlé?”

“Ìwọ̀nba tó tó tọ́ wò.”

Ọlátẹ́jú ló kọ́kọ́ yé. Ó sáré wá, bàtà rẹ̀ ń lu ara wọn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́…”

“Dákẹ́!”

“Màmá, ẹ kàn jẹ́ kí n…”

“Mo ní kó o dákẹ́! Àwọn ọ̀gá ẹ ti jẹ òkè mi, wọ́n ti mu odò mi, ìwọ náà tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nílé nìyẹn, kí àgbà máa sọ̀rọ̀ kọ́mọdé máa já a gbà?”

Ó dákẹ́. Ó tilẹ̀ tẹrí ba. Mo ti sọ fún yín pé ọmọlúàbí ni.

Mo padà wọ inú omi. Mo dojú akàn náà kọ òkè odò, mo rọra tì í sábẹ́ àpáta níbi ìsun yẹn. “Abiyamọ kì í jẹ abiyamọ,” mo ní. “Padà sílé.” Ó wọlé. Mo gòkè wá, mo ká gbogbo ìka ọwọ́ òsì mi, mo na ọmọńdinrín nìkan, mo tì í sínú ihò Ẹnu.

N kò ní ṣe àkàwé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ na tirẹ̀.

Tinúadé gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Òun ló ké, èmi kọ́. Ó ń rá kò bọ̀ lórí àpáta, ó ń pè mí, “Màámi! Kí lẹ fún un? Màámi, kí lẹ fún un?”

Ẹnu jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ó ń dún bí ológbò tó ń jẹ orí ẹja.

“Alààyè,” ó ní. “Ti odò yìí ni. Orúkọ ẹ̀dá?”

“Àwẹ̀ró,” mo ní.

“Ẹ̀dá tuntun ní Odò Alákàn. Àwẹ̀ró. Odò wà láàyè.”

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. “Ìyá wa! Ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ìlú yìí!” Tinúadé ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó fa ìborùn rẹ̀ ya, ó ń wá ọwọ́ mi kó lè dì í. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, ẹ wò ó, ẹ̀rín ń pa mí. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ara mi. Ìka mẹ́sàn-án ló kù. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Kó tó di ìgbà náà, ọmọ abẹ́ akàn á ti dàgbà, á ti ní ọmọ tirẹ̀ lábẹ́.

Ẹnu kò tíì parí ọ̀rọ̀.

“Ìfaradà ẹ̀dá Àwẹ̀ró nínú omi yìí: ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò sí ẹ̀dá tó fara dà á tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn méje.”

Mo rántí orúkọ ọmọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo rántí aṣọ tí ìyá mi ró lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ìyá tirẹ̀. Ilẹ̀kùn irin méje tí mò ń gbójú sókè wò lójoojúmọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò láàárọ̀ yẹn náà, òun ni mo gbàgbé.

Mo wo Ọlátẹ́jú. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi í nu ojú.

“Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, Màmá,” ó ní. “Ẹ ní kí n dákẹ́.”

Ọwọ́ Tinúadé dúró lórí ìborùn tó ń dì mọ́ mi. Ó gbórí sókè, ó kọjú sí òkè odò. “Irin ń dún. Màámi, ìkarùn-ún nìyẹn.” Ó tún tẹ́tí. “Ìkẹfà.”

N kò dúró gbọ́ ìkeje. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo ṣubú wọ inú omi, mo kọrí sí abẹ́ àpáta. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń wá a. Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbi tí mo ní kó padà sí. Mo fà á, kò wá. Ó ti fi gbogbo ẹsẹ̀ gún àpáta, ó rò pé mo tún fẹ́ gbé e lọ fún Ẹnu, ó sì fún ọwọ́ mi títí tó fi dé egungun. “Jáde,” mò ń sọ fún un. “Abiyamọ, jáde, èmi ni.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ omi tó ń bọ̀, tí òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti rà. Baálẹ̀ ń ké pé kí n jáde. Tinúadé ń ké pé kí n jáde.

Omi dé. Ó gbóná, ó ki, ó gùn mí dé itan.

Akàn náà kò fi àpáta sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lábẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní ẹgbẹẹgbẹ́, omi ń gbé wọn gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń bù wọ́n, wọ́n ń gba ibi tí ìka mi ti ṣófo lọ. Gbogbo wọn pupa roro, bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn pa lára.